Ọ́ìlì tí ń wọ tọ́bò àti ọ́ìlì tí ń jáde: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn so tọ́bò mọ́ ọkọ̀ ní Èkìtì

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìjerò máa ń béèrè lemọ́lemọ́ nígbà tí wọ́n bá so tọ́bò tòkunbọ̀ (ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì) mọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò bá tọ́bò wá láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Orí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà jáde ni a ó pẹ́ sí jù, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí, òun náà ni ó sì ń mú kí àwọn ènìyàn máa ra tọ́bò mìíràn nígbà tí èyí tí wọ́n ní kò ní àléébù kankan.

Kí ni ọ́ìlì ń ṣe nínú tọ́bò gan-an?

Ọ̀pá irin kan ni ó wà láàárín tọ́bò, abẹ̀bẹ̀ kan sì wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Èéfín gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí ọ̀kan, ìkejì sì ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ fara kan bẹ́ríìnì tí ó yí i ká, torí pé orí ọ́ìlì tín-ín-rín ni ó ń léfòó sí. Bí ọ́ìlì bá dá fún ìgbà díẹ̀ péré nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, irin yóò pàdé irin, ọ̀rọ̀ sì ti bọ́ sórí.

Ọ́ìlì náà ni ó ń kó ooru kúrò láàárín. Èéfín ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù lè gbóná dé ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, apá kan lára ooru yẹn a sì máa gba ara ọ̀pá wọ inú bẹ́ríìnì.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé bí ẹ ti ń ka ìyókù: agbára pọ́ǹpù ni ó ń ti ọ́ìlì wọ inú tọ́bò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń tì í jáde. Ṣe ni ó ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibo ni mo ti lè fa ọ́ìlì fún tọ́bò?

Ẹ fà á láti ibi tí ọ́ìlì ti kọjá nínú fìlítà, tí agbára pọ́ǹpù sì pé lára rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda tí a ń lò níhìn-ín, ojú ihò súwíìṣì tí ń tan iná ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ni ó rọrùn jù. Ẹ fi ìdè oníhò mẹ́ta sí i, kí súwíìṣì náà wà lójú kan, kí páìpù tọ́bò wà lójú kejì. Ẹ má ṣe yọ súwíìṣì náà sọnù, ẹ óò nílò rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìdè rẹ̀ dáadáa. Ihò súwíìṣì Toyota àti Honda sábà máa ń jẹ́ 1/8 BSPT, èyí tí ó ní ojú ìdè 28 nínú ínǹṣì kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdè tí wọ́n ń tà fún tọ́bò jẹ́ 1/8 NPT, tí ó ní 27. Wọ́n jọra débi pé ìkejì yóò wọ inú ìkíní díẹ̀ kí ó tó le. Ẹni tí ó bá fi agbára dè é yóò ba ojú ihò náà jẹ́ tàbí kí ó la irin ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì yóò sì máa rọ́ jáde níbẹ̀ títí. Bí ìdè bá le lẹ́yìn yíyí kan tàbí méjì, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ wá èyí tí ó bá a mu.

Irú páìpù wo ni kí n lò fún ọ́ìlì tí ń wọlé?

Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi wáyà irin hun ara rẹ̀, tí inú rẹ̀ jẹ́ PTFE (irú ike kan tí ń fara da ooru), ni ó dára jù. Nọ́ḿbà tí wọ́n ń kọ sí i lára rọrùn láti kà: -4AN túmọ̀ sí mẹ́rin nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì, ìyẹn nǹkan bí mílímítà 6, -3AN jẹ́ nǹkan bí 5. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tó fún tọ́bò ọkọ̀ kékeré.

Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún epo kò yẹ síbẹ̀, nítorí ooru ọ́ìlì àti agbára pọ́ǹpù yóò wú u, yóò sì là. Páìpù kọ́pà tí àwọn kan máa ń tẹ̀ láti ara ẹ̀rọ amúlétutù kò yẹ pẹ̀lú: bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbọ̀n, kọ́pà á máa le sí i títí yóò fi ṣẹ́ lójijì, ọ́ìlì tí agbára wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì máa tú sórí maníféèdì èéfín tí ó ti pọ́n. Báyìí ni ọkọ̀ ṣe ń jóná. Ẹ fi aṣọ agbóoruró bo họ́ọ̀sì náà níbi tí ó bá ti sún mọ́ ìhà iná, kí ẹ sì dè é kí ó má máa fara gbo irin.

Báwo ni páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

Kí inú rẹ̀ má ṣe kéré ju mílímítà 13 lọ; -10AN, tí ó jẹ́ nǹkan bí mílímítà 16, ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bi mí pé kí ló dé tí àbájáde fi tóbi tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí àbáwọlé rẹ̀ kò ju gbọ̀rọ̀ bírò lọ. Ìdí kan ni pé kò sí agbára lẹ́yìn ọ́ìlì mọ́ bí ó bá ti kọjá bẹ́ríìnì. Ìdí kejì ni pé ọ̀pá tí ń yí kíkankíkan ti po afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, nítorí náà pẹ̀lú ìfófòó ni ó ń jáde, bí ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ti orí ọ̀pẹ wá. Ohun tí ń fófòó ń fẹ́ àyè ju ohun tí ó dákẹ́ lọ.

Ìtóbi nìkan kò tó. Láti abẹ́ tọ́bò dé sọ́ǹpù, ìyẹn àwo ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń gbé, páìpù náà gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Bí ó bá tẹ̀ wálẹ̀ kí ó tún tó gòkè díẹ̀, ọ́ìlì yóò dúró sí kòtò yẹn, ìfófòó yóò sì dí ọ̀nà mọ́ èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ojú ihò àbájáde tọ́bò pàápàá gbọ́dọ̀ kọjú sí ilẹ̀ gbọnrangandan bí ó ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹ tú bóòtù àárín tọ́bò kí ẹ yí i títí yóò fi kọjú sílẹ̀, dípò tí ẹ ó fi máa wá páìpù tí yóò bá wíwọ́ rẹ̀ lọ.

Ojú tí ó gbà wọ sọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ga ju ojú ọ́ìlì lọ. Bí ó bá wọlé sábẹ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì tí ń bọ̀ yóò kọ́kọ́ ní láti ti èyí tí ó wà nílẹ̀ kí ó tó ráyè wọlé, kò sì ní agbára tí yóò fi tì í.

Ṣé mo lè fi gọ́ọ̀mù dípò gásíkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ tọ́bò?

Rárá. Gọ́ọ̀mù tí ó bá yọ sínú yóò gbẹ, yóò já, yóò sì lọ há sí ibi tóóró. Bákan náà ni tépù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò: ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dé ibi tí ọ́ìlì ń gbà wọ tọ́bò láéláé, nítorí fọ́nrán rẹ̀ kan péré tó láti dí ihò bẹ́ríìnì.

Ẹ gbé gásíkẹ́ẹ̀tì náà lé ojú tọ́bò kí ẹ tó dè é, kí ẹ sì fi ojú yín wò ó láti ìsàlẹ̀. Nínú àwọn àpótí gásíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú, ẹ lè rí èyí tí àwọn ihò bóòtù rẹ̀ bá tọ́bò yín mu régí, ṣùgbọ́n tí ihò àárín rẹ̀ bo ìdajì ọ̀nà ọ́ìlì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán, kò sí ẹni tí yóò rí i mọ́, ọkọ̀ yóò sì máa rú èéfín, gbogbo ènìyàn yóò sì máa bú tọ́bò.

Ṣé mo lè lu ihò sára sọ́ǹpù láìtú u kúrò?

Àwọn kan máa ń fi gíréésì kun orí dírílì kí ẹ̀rún irin lè lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi kò fọwọ́ sí i. Ẹ̀rún tí ó bá bọ́ sínú ni pọ́ǹpù yóò fà, bí asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù bá sì dá àwọn ńlá dúró, àwọn wẹ́wẹ́ yóò kọjá lọ ba pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹ tú sọ́ǹpù sílẹ̀, ẹ gbé e lọ bá ajórinmọ́rin tí ó mọ̀ bóyá irin tàbí alumíníọ̀mù ni, kí ó jó ìdè mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ bu kẹrosíìnì sínú rẹ̀ kí ẹ wo ìta fún wákàtí kan. Bí ojú ìjó bá ń jò, kẹrosíìnì yóò fi hàn kí ọ́ìlì tó fi hàn.

Kí ni kí n ṣe kí n tó kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì?

Ẹ bu ọ́ìlì tuntun sínú ihò àbáwọlé tọ́bò, kí ẹ máa fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bí ẹ ti ń bù ú. Ẹ so páìpù padà, ẹ yọ okùn iná plọ́ọ̀gì àti ti pọ́ǹpù epo, kí ẹ sì fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa sinmi láàárín kí sítátà má baà gbóná jù, títí ọ́ìlì yóò fi jáde lójú àbájáde tọ́bò. Ìgbà tí ẹ bá fi ojú rí ọ́ìlì ni kí ẹ tó so gbogbo rẹ̀ padà kí ẹ sì tan án. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ má tẹ tọ́rótù.

Ọkọ̀ mi ń rú èéfín aláwọ̀ búlúù. Ṣé síìlì tọ́bò ti bàjẹ́?

Ó ṣeé ṣe kí ó má bàjẹ́ rárá. Síìlì inú tọ́bò kì í ṣe rọ́bà. Òrùka irin ni, ó jọ ti pístíìnì, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni láti dá èéfín àti afẹ́fẹ́ dúró kí wọ́n má wọ inú ọ́ìlì. Kò lè dá ọ́ìlì tí ó bá kún àárín tọ́bò dúró. Ìdí nìyí tí tọ́bò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde nínú páálí fi lè rú èéfín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ọ́ìlì kò bá rí ọ̀nà jáde.

Ẹ dán an wò báyìí kí ẹ tó náwó. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí. Bí èéfín bá dínkù, agbára afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ikùn ẹ́ńjìnnì ni ó ń dí ọ́ìlì lọ́nà. Bí kò bá yí padà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ họ́ọ̀sì àbájáde lára sọ́ǹpù, ẹ dí ojú sọ́ǹpù, kí ẹ sì ti ẹnu họ́ọ̀sì náà bọ inú gálọ́ọ̀nù mímọ́ tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ìwọ̀n ọ́ìlì. Ẹ ṣọ́ra kí ọ́ìlì má kán sórí sàléńsà, nítorí ó lè gbiná.

Ọ́ìlì tí ó ti wà nínú sàléńsà tẹ́lẹ̀ yóò ṣì máa jó fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ mú sùúrù. Bí èéfín bá wá dá, ara tọ́bò yín le. Ọ̀nà láti abẹ́ rẹ̀ dé sọ́ǹpù ni kí ẹ tún ṣe. Bí kò bá dá, ẹ wo ọ̀pá rẹ̀, kí ẹ sì wo agbára ọ́ìlì tí ń wọlé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọ̀pá tọ́bò ti jẹ?

Ẹ dúró kí ó tutù, ẹ yọ họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́, kí ẹ sì fi ìka méjì di abẹ̀bẹ̀ mú. Bí ẹ bá mì ín sí ọ̀tún àti òsì, yóò mì díẹ̀ nínú tọ́bò tí kò lo bẹ́ríìnì oníbọ́ọ̀lù, nítorí àyè tí ọ́ìlì ń gbé ni. Kò gbọdọ̀ fara kan ilé rẹ̀ ṣáá. Bí ẹ bá fà á síwájú tí ẹ sì tì í sẹ́yìn, kò yẹ kí ọwọ́ yín mọ ìmìtìtì kankan. Bí ẹ bá gbọ́ kọ́ọ́ nígbà tí ẹ tì í, ó ti jẹ nìyẹn. Etí abẹ̀bẹ̀ tí ó ti ń dán, tí ó ní ojú gígé, ẹ̀rí kan náà ni.

Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ fi ń há sínú ikùn ẹ́ńjìnnì, báwo ni mo sì ṣe máa tú u sílẹ̀?

Nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì ni afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti ń sá gba ẹ̀gbẹ́ pístíìnì lọ sísàlẹ̀. Bí tọ́bò bá wọ̀ ọ́, ó ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà ìmí tí ilé iṣẹ́ ṣe sí i lè má tó mọ́, bí ó bá sì há, afẹ́fẹ́ náà yóò gba páìpù àbájáde tọ́bò gòkè, yóò sì dojú kọ ọ́ìlì tí ń bọ̀.

Àṣìṣe tí mo rí jù lọ lára àwọn ọkọ̀ tí a so tọ́bò mọ́ nílé ni fááfù PCV, ìyẹn fááfù ọ̀nà ìmí ikùn ẹ́ńjìnnì. Maníféèdì ìhà afẹ́fẹ́ ni ó so mọ́, níbi tí ìfàmọ́ra máa ń wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí tọ́bò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìtì ni yóò wà níbẹ̀ dípò ìfà, bí fááfù náà kò bá sì pa dé dáadáa, tọ́bò fúnra rẹ̀ ni yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi fááfù aláìlọpadà tí ó lágbára sí ojú ọ̀nà náà, kí ẹ sì gbé họ́ọ̀sì tí ó fẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì lọ sí inú agolo tí yóò máa gba ọ̀rinrin ọ́ìlì.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ so ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹnu ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ó bá fà wọlé díẹ̀, kò séwu. Bí ó bá wú bí fèrè, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Bí ọ̀nà ìmí bá mọ́ tí ọ̀rá náà sì tún ń wú, ẹ lọ wọn agbára inú sílíńdà, nítorí ó ṣeé ṣe kí òrùka pístíìnì ti jẹ.

Àfi bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n ni ọkọ̀ ń rú èéfín. Kí ló fà á?

Ohun méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí tọ́rótù nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ìfàmọ́ra inú maníféèdì máa ń le gan-an, ó sì lè fa ọ́ìlì kọjá síìlì fááfù tí ó ti gbẹ. Èéfín irú èyí máa ń bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ bá tún tẹ tọ́rótù, yóò sì tán. Ti tọ́bò yàtọ̀: ó ń pọ̀ sí i bí ọkọ̀ bá pẹ́ ní ìdúró, ẹ ó sì bá ọ́ìlì tútù nínú páìpù sàléńsà lẹ́yìn tọ́bò.

Ìkejì ni ibi tí ẹ lu ihò sọ́ǹpù sí. Bí ihò náà bá kọjú sí iwájú ọkọ̀, ọ́ìlì yóò ṣàn síwájú nígbà tí imú ọkọ̀ bá dorí kodò, yóò sì bo ihò náà mọ́lẹ̀. Ní Adó tí ilẹ̀ tẹ́jú díẹ̀ ẹ kò ní rí i. Ẹ gbé ihò náà ga sí i, kí ẹ má sì bu ọ́ìlì kọjá àmì òkè lára ọ̀pá ìwọ̀n.

Ṣé mo nílò restrictor, ìyẹn ìdè oníhò tín-ín-rín, lójú àbáwọlé?

Irú bẹ́ríìnì tí ó wà nínú tọ́bò yín ni yóò sọ. Èyí tí ó ní bẹ́ríìnì oníbọ́ọ̀lù kò fẹ́ ọ́ìlì púpọ̀. Agbára ọ́ìlì tí ó jẹ́ 40 sí 45 psi tó o nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré jù, ihò tí kò kéré ju mílímítà 1 lọ ni ó sì sábà máa ń mú un dé ibẹ̀. Tọ́bò aláìníbọ́ọ̀lù, tí ó pọ̀ jù nínú tòkunbọ̀ tí ń bọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, kò nílò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó bá fi ihò mílímítà 1 sí irú tọ́bò yìí kí èéfín lè dá yóò rí i pé èéfín dá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi ọ́ìlì ni yóò pa tọ́bò náà.

Irú ọ́ìlì wo, ìgbà wo ni kí n sì pààrọ̀ rẹ̀?

Ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì 5W-40 tàbí 10W-40 ni mo fara mọ́. 20W-50 lásán tí ó gbòde ki jù ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kì í tètè dé òkè, ooru tọ́bò sì máa ń tètè sọ ọ́ di èédú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fìlítà kí ó tó pé 5,000 kìlómítà. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Fìlítà afẹ́fẹ́ náà kò gbọdọ̀ dí nígbà eruku ọyẹ́: èyí tí ó bá dí máa ń mú kí abẹ̀bẹ̀ fa ọ́ìlì kọjá síìlì ìhà afẹ́fẹ́.

Bí ẹ bá gun òkè tán tí ẹ sì fẹ́ dúró, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó pa á, kí ọ́ìlì má baà jó mọ́ inú bẹ́ríìnì.

Tọ́bò kejì nìyí tí ó dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni mi ò tíì wò?

Ẹ wo ara ọ̀pá èyí tí ó bàjẹ́. Bí ó bá ti yí sí búlúù tàbí àwọ̀ àlùkò, ọ́ìlì kò dé ibẹ̀. Bí ó bá ní ojú fífà yíká, ìdọ̀tí ni ó bá ọ́ìlì wọlé. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ẹ má ṣe lo páìpù àbáwọlé àtijọ́ mọ́: èédú máa ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ níbi tí ó ti sún mọ́ iná, afẹ́fẹ́ ẹnu yóò kọjá níbẹ̀ kí ẹ lè rò pé ó mọ́, ọ́ìlì kò sì ní kọjá tó. Ẹ ṣí ihò inú bóòtù bánjò, ìyẹn bóòtù oníhò tí ó so páìpù ọ́ìlì mọ́ tọ́bò, wò pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi géèjì gidi wọn agbára ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, nítorí iná dáṣíbọ́ọ̀dù kì í tàn títí agbára náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Tọ́bò mi wà nísàlẹ̀ ju sọ́ǹpù lọ. Ṣé ọ̀nà wà?

Ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe páìpù nìkan. Ọ́ìlì kò lè gun òkè fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ nílò pọ́ǹpù oníná tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì gbígbóná, tí yóò máa fà á láti abẹ́ tọ́bò padà sí sọ́ǹpù. Pọ́ǹpù epo kò lè ṣe é, yóò yọ́ sínú. Ẹ fi agolo kékeré sí abẹ́ tọ́bò kí ìfófòó lè rí ibi rọlẹ̀ sí, kí ẹ sì fi asẹ́ síwájú pọ́ǹpù.

Okùn iná rẹ̀ ni kí ẹ farabalẹ̀ sí jù. Ẹ fún un ní fíúùsì tirẹ̀ àti rílè tí yóò tan án bí ẹ́ńjìnnì bá ti tàn, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, kí ọ́ìlì tí ó kù lè padà. Ẹ so iná ìkìlọ̀ pupa kan mọ́ ọn níwájú awakọ̀, nítorí bí pọ́ǹpù yìí bá kú lójú ọ̀nà Ìtàwúrẹ́ lóru, iná náà ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín kí èéfín tó bo ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.